Ọjọ́ Tí Oníke Dá Ike Ara Rẹ̀ Lu

Bí nǹkan kan bá wà láyé yìí tí Fáòsíátù kórìíra, ihò ni. Ike ló ń tà ní Okokomaiko: bọ́kẹ́ẹ̀tì, báàfù, kẹ́ẹ̀gì, abọ́ ìfọṣọ àti búta àlùwàlá. Ó ti tà á, tà á, títí Kazeem àkọ́bí rẹ̀ fi jáde yunifásítì, tí àwọn àbúrò Kazeem náà sì di ẹni tó ń bọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá já ọjà fún un láàárọ̀, á gbé ike kọ̀ọ̀kan sókè, á kọ ìdí rẹ̀ sí oòrùn, á di ojú kan, á sì fi èkejì yọjú wo inú rẹ̀. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ìdí rẹ̀ wọlé, ọwọ́ ẹni tó gbé e wá ló ń padà sí.

"Ẹ máa gbé tiyín lọ," á wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ajere, kó lọ bá oníkòkò."

Àlàájà ni gbogbo ọjà ń pè é. Kò tíì dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n kì í bá wọn jiyàn. Ó ní àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún òun, iṣẹ́ tòun ni kí òun máa ṣe àmín.

Nígbà tí Kazeem gbé Zulaikha níyàwó, Zulaikha kó ẹrù tirẹ̀ wọlé bí gbogbo ìyàwó: àpótí aṣọ, ìkòkò ìsebẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí ọkọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé fúláwà kan jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ewé rẹ̀ fẹ̀ tó ewé kókò, ó ń dán, ṣùgbọ́n ó ya láti etí wá sí àárín, ihò róbótó-róbótó sì wà lára rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan fi àlùmọ́gàjí ṣeré níbẹ̀. Inú ike ọ̀dà àtijọ́ ló wà. Fáòsíátù wo ewé, ó rí ihò. Ó wo ìdí ike ọ̀dà, ó tún rí ihò. Ìyàwó tuntun kì í ṣe ẹni à ń bá sọ̀rọ̀ ihò lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìgbà tó yá ni Zulaikha sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Apápá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó lọ da fúláwà kan tó ti gba àyè jù sí ààtàn. Ó dà á nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́ ẹ̀ka kan sínú báàgì rẹ̀, ó gbìn ín sínú ike ọ̀dà, ó sì ń tọ́ ọ láti ìgbà tí Zulaikha ti wà ní pírámárì. Ìyá yìí ti kú kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Kò fi ilé sílẹ̀, kò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn láyé, fúláwà yìí nìkan ló kù, lẹ́yìn Zulaikha fúnra rẹ̀, tó ṣì ń mí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí iṣẹ́ gbé Kazeem lọ sí Abẹ́òkúta, tí ilé tí wọ́n rí kò ní ju fèrèsé kékeré kan tó kọjú sí ògiri aládùúgbò, ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ni Zulaikha fi fúláwà náà sí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi rí ilé gidi."

"Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́," ni Fáòsíátù dá a lóhùn. "Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ jẹ́ Kazeem. Kí ni ewé fẹ́ fojú mi rí?"

Òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbà ni Fáòsíátù ń gbé. Bàbá Làtífù, ọmọ onílẹ̀ Ọ̀jọ́, ló ni ilé náà, òun náà sì ń gbé níbẹ̀. Ìyá Títí aránṣọ, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, wà ní yàrá iwájú nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀.

Pálọ̀ ni Fáòsíátù kọ́kọ́ gbé fúláwà náà sí. Kò pẹ́ tí omi fi ń gba ìdí ike ọ̀dà jáde sórí táìsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Kí àlejò wọ ilé oníke, kó wá bá ike tó ń jò? Ó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan tó nípọn jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wálé, ó fi ọ̀bẹ la ike ọ̀dà, ó gbé fúláwà sínú ti tuntun, ó wa ilẹ̀ pupa iwájú ilé kún un, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ kì í mọ́lẹ̀ gan-an bí ẹni ń mọlé. Oníke kì í da ike nù, nítorí náà ó sọ ìdí ike ọ̀dà yẹn di ohun tó ń gbé ọṣẹ sí ní balùwẹ̀. Omi kò jò mọ́. Ó wá gbé fúláwà náà lọ sísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, níbi tí oòrùn kò ti ní pa á, tí gbogbo ilé á sì máa rí i.

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ilé ti ń ṣe àlùwàlá.

Bí ènìyàn bá ṣe àlùwàlá tán, omi díẹ̀ a máa kù nídìí búta. Bàbá Làtífù ló kọ́kọ́ da tirẹ̀ sí fúláwà. Ó ní ohunkóhun tó bá ní ẹ̀mí, tí a bá fún un lómi, làádá wà níbẹ̀. Òótọ́ sì ni. Ààwẹ̀ wọlé lẹ́yìn èyí. Nínú oṣù tí gbogbo ènìyàn ń wá làádá bí ẹni ń wá epo nígbà ọ̀wọ́ngógó, ta ni yóò da omi búta rẹ̀ sí gọ́tà lásán? Àsùbáà, omi. Àílà, omi. Aláásárì, omi. Mọ̀gàríbì, omi. Iṣáì, omi, ìrun àṣámù tó tẹ̀lé e náà, omi. Ìyá Títí tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ń da omi tó fi ṣan ìrẹsì sí i.

"Kí ẹ má baà ní àwa ò láàánú," ó wí.

Fáòsíátù ń wò wọ́n, inú rẹ̀ ń dùn. Ike ò jò, fúláwà sì ń mu omi àdúrà. Ẹni tó bá tún fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, olójúkòkòrò ni.

Kí wọ́n tó túnu ààwẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ ti pọ́n. Gbogbo ilé pé lé e lórí, wọ́n fẹnu kò pé òùngbẹ ni. Wọ́n fi kún omi. Èyí tó pọ́n já bọ́, èyí tó tẹ̀lé e náà pọ́n, òórùn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde tí kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀.

Inú èyí ni wọ́n wà tí Zulaikha pè lórí fídíò.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ń bọ̀ wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ yín o. Ẹ jẹ́ kí n rí fúláwà mi."

Fáòsíátù kì í purọ́. Ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ni, kò sì fẹ́ tún ẹ̀ṣẹ̀ tuntun dá. Ó yí fóònù sókè.

"Màmá, sílíńgì ni mò ń wò."

"Ṣé o ò rí bí Bàbá Làtífù ṣe kùn ún fún ọdún ni?"

"Ó dáa gan-an. Fúláwà mi ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí mo gbé e sí."

Ìyá Títí na ọrùn jáde láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ìyàwó, fúláwà ẹ ní kí o má bínú, òun ò lè dìde kí ẹ."

Fáòsíátù fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti lọ. Ohùn Zulaikha ti kéré nígbà tó dáhùn.

"Màmá, ṣé kò tíì kú?"

"Ìwọ ṣáà máa bọ̀ wá ṣe Iléyá. Wàá bá a láàyè, ìnṣáállà."

Ó pa fóònù, ó sì mọ ohun tí òun ṣe. Ó ti fi orúkọ Ọlọ́run dúró fún ewé tó ń kú lọ. Kò sí ọ̀nà àtipadà sẹ́yìn.

Ó lọ sí balùwẹ̀ láti bu omi bọ́jú. Ó mú ọṣẹ. Ọṣẹ náà gbẹ. Ó dúró. Gbogbo abọ́ ọṣẹ aláràbarà tó ti ń tà láti ọdún pípẹ́, ṣe ni ọṣẹ ń yọ́ sínú wọn bí ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń gbé ọṣẹ sínú ìdí ike ọ̀dà yìí, kò yọ́ mọ́. Ó gbé e wálẹ̀, ó yí i padà. Àwọn ihò náà dọ́gba. Wọ́n yí ìdí rẹ̀ ká, ọ̀kan wà láàárín, ẹnu wọn sì jọ̀lọ̀ bí ohun tí irin gbígbóná gbà kọjá. Ike náà kò bàjẹ́ rí. Ìyá Zulaikha ló mọ̀-ọ́n-mọ̀ dá a lu.

Fáòsíátù sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ ló kàn. Ó fa fúláwà náà yọ, òórùn fùfú tó ti kan sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń yọ̀ bí ilá. Lóko bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ọmọdé tó ń gbé korobá omi tẹ̀lé àgbà mọ̀ pé omi tó bá dúró ti gbòǹgbò, ikú ló dúró tì í. Ó jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Ike rẹ̀ ò jò. Ohun tó fà á gan-an nìyẹn.

Ó fi ìka tú gbòǹgbò náà wò, ó rí díẹ̀ tó ṣì funfun, tó ṣì le, nítòsí igi rẹ̀.

"Bísímílà," ó wí fún wọn. "Ẹ̀yin ni mo ní."

Nídìí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Okokomaiko, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Abọ́lá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi irin gbígbóná lẹ ike tó bá ya. Kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn Fáòsíátù, nítorí ike tó bá ti ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn jáde kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fáòsíátù gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun mìíràn kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Àlàájà, níbo ló ti ya?"

"Kò ya. Mo fẹ́ kí o dá ìdí rẹ̀ lu ni. Yí i ká, kí ọ̀kan wà láàárín."

Abọ́lá wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wo Àlàájà, ó sì wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Ihò ni mo ń dí látàárọ̀ ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n dá a sílẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan ń ká wa sínú fóònù níbì kan?"

"Irin rẹ ń tutù."

Àwọn obìnrin ọjà ti ń pé jọ. Ọ̀kan pàtẹ́wọ́. "Àlàájà tó ní ká lọ bá oníkòkò. Ẹ̀yin náà ti di alájere."

"Mo ti dì í," ni Fáòsíátù dáhùn. "Bó bá dọ̀la, ẹ wá rà á."

Irin kan ike, èéfín rú. Ara Fáòsíátù bù máṣọ bí ẹni pé awọ ara rẹ̀ ni wọ́n ń jó. Nígbà tó parí, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sí oòrùn bí ìṣe rẹ̀, ó di ojú kan, ìmọ́lẹ̀ sì gba gbogbo ihò náà wọlé sí i lójú.

"Èyí dáa," ó wí. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí nípa irú ike bẹ́ẹ̀.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ lọ sí Alaba Rago. Iléyá ti ń sún mọ́lé, àwọn ẹlẹ́ran sì ti ń pe ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan gbá àgbò ńlá kan nídìí.

"Àlàájà, èyí ni tiyín. Ẹ wo ìwo ẹ̀."

"Ó dáa lóòótọ́. Ohun tó ti ìdí ẹ̀ jáde ni mo wá gbà ní tèmi. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀, tó ti gbẹ kánrinkánrin."

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. "Ẹ kó o. Ọfẹ́ ni. Ẹ tiẹ̀ kó gbogbo ẹ̀."

Èyí tó gbẹ nìkan ló kó. Ó mọ̀ láti oko pé èyí tó tutù a máa jó gbòǹgbò bí iná.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀ ní àgbàlá. Gbogbo ilé jáde wá wòran. Ó po ilẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn, ó fi háhá àgbọn tó ti já wẹ́wẹ́ sí i, pẹ̀lú imí àgbò díẹ̀, ó pò ó títí tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá bù ú lọ́wọ́, ṣe ló ń fọ́, kò lẹ̀. Ó ṣan gbòǹgbò fúláwà, ó fi ẹnu ọ̀bẹ ra iná, ó gé gbogbo èyí tó ti rà kúrò, ó sì fi èédú lílọ̀ pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ibi tó ti ń yí i kó lè dúró gbọn-in ni nǹkan ti dún pẹ́. Igi rẹ̀ dá. Ẹ̀ka kan àti ewé kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Títí pàápàá ò sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì ba Fáòsíátù lẹ́rù jù.

"Ìnnálílàhì," ni Bàbá Làtífù wí jẹ́jẹ́.

"Bàbá, ẹ má tíì kírun sí i lára." Fáòsíátù ń wo ẹ̀ka náà. "Ṣebí ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ́ sínú báàgì ló di èyí náà."

Ó fi ìṣó gbígbóná dá ike yúgọ́ọ̀tì kan lu, ó gbin ẹ̀ka náà sínú rẹ̀, ó rí i dájú pé oríkèé rẹ̀ wọlẹ̀. Ó gbé fúláwà tó jẹ́ ìyá ẹ̀ka náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi ilẹ̀ pípò náà bo gbòǹgbò rẹ̀ láìkì í. Ó we háhá àgbọn mọ́ ọ̀pá kan, ó rì í sí àárín, ó sì fa fúláwà náà gùn ún bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fa iṣu gun ọ̀pá. Ó bomi rin ín. Omi gba ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá oníke dúró, ó ń wo ike rẹ̀ tó ń jò, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó gbé méjèèjì padà sí pálọ̀, nídìí fèrèsé tó kọjú sí oòrùn àárọ̀, pẹ̀lú tíréè lábẹ́ wọn. Wàhálà tó kù ni ti làádá. Ní Aláásárì ọjọ́ yẹn, Bàbá Làtífù ṣe àlùwàlá tán, ó gbé búta lọ́wọ́, ó ń wo ojú ibi tí fúláwà wà tẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta.

"Ìyá Kazeem, ẹ ti gbé làádá wa lọ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

"Bàbá, ta ló lè gbé làádá yín? Ara rẹ̀ ni ò le. Ẹ wo ààwẹ̀ náà bó ṣe dáa tó, síbẹ̀ Ọlọ́run ní kí aláìsàn jẹun."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Fáòsíátù ti ri ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀.

"Èyí ni kí ẹ máa fún. Omi kì í sú u. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, a ó fi dòdò ẹ̀ ṣínu."

Bàbá Làtífù da búta rẹ̀ sí i. Ó tún lọ pọn òmíràn.

Ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni dídúró. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ mẹ́rin mọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan. Bí a ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ ni kò mọ̀. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán, á ki ìka bọ ilẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣì tutù nísàlẹ̀, á fi ọwọ́ sẹ́yìn, á máa lọ. Bó bá gbẹ, á bomi rin ín títí omi á fi dé tíréè, á sì da ti tíréè nù. Ó ń fi aṣọ tútù nu eruku ojú ewé rẹ̀. Síbẹ̀ ewé ń já. Ó ku méjì péré.

"Àlàájà, ẹ kú ìtọ́jú igi ìdáná," ni Ìyá Títí wí.

"Ẹ ṣé. Bó bá gbẹ tán, ẹ̀yin ni n ó fún, kí ẹ fi se ẹ̀wà."

Òjò ti ń rọ̀ gidi nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Fáòsíátù ń ka tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣèèṣì kan ìdí fèrèsé. Nǹkan kan yọ ṣóńṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé òkè, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ká bí ẹní. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ní kí òun ka tẹ̀sùbáà òun parí ná, kí ẹni tó ni ọpẹ́ kọ́kọ́ gba ọpẹ́.

Ewé náà tú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ ẹní fún àlejò pàtàkì. Nígbà tó tẹ́ tán, ó fẹ̀ ju gbogbo àwọn tó ti já lọ, ihò sì wà lára rẹ̀. Fáòsíátù ka àwọn ihò náà, ó tún wọn kà, bí ẹni ń ka eyín ọmọ àkọ́bí. Ó na ọrùn sí ẹnu àtẹ̀gùn.

"Ìyá Títí, ẹ wá gbé igi ìdáná yín."

Ìyá Títí gòkè wá. Ó wò ó láti iwájú, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́. "Ó dáa," ó wí níkẹyìn. "N ó máa fi gáàsì se ẹ̀wà mi."

Fáòsíátù ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e lọ sọ́jà. Àwọn tó pè é ní alájere wò ó, wọ́n béèrè irú ike bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì láti Iyana-Iba náà gbọ́, wọ́n ń wá. Abọ́lá ti wá fẹ́ràn Àlàájà báyìí. Fáòsíátù ṣì ń gbé ike kọ̀ọ̀kan sí oòrùn, ṣùgbọ́n bí ihò ike fúláwà kò bá dọ́gba, ó ń dá a padà fún Abọ́lá pé kì í ṣe iṣẹ́ nìyẹn.

Iléyá ku ọ̀la nígbà tí Kazeem àti ìyàwó rẹ̀ dé. Zulaikha kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sídìí fèrèsé kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀.

"Dìde, kó o lọ kí i," ni Fáòsíátù wí. "Èmi kì í já ewé, mo lè dúró."

Zulaikha fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé tuntun náà. Ó fi ìka gba inú àwọn ihò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé ojú sókè tìyanu-tìyanu.

"Màmá, ta ló dá ike yín lu?"

"Èmi ni. Jókòó kí n sọ ọ́ fún ẹ."

Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́: omi àlùwàlá, ọṣẹ, Abọ́lá, ẹlẹ́ran Alaba Rago, títí dórí sílíńgì. Zulaikha rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó yá, kò hàn mọ́ bóyá ẹ̀rín nìkan ni. Fáòsíátù gbé ike yúgọ́ọ̀tì náà lé e lọ́wọ́. Ewé kékeré kan ti yọ lára ẹ̀ka inú rẹ̀, kò tíì ní ihò kankan.

"Ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ó dá mọ́ mi lọ́wọ́, Ọlọ́run ò jẹ́ kó kú. Òun ni kó o gbé lọ sí Abẹ́òkúta, fèrèsé yín á gba òun. Ìyá rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ mi."

Zulaikha di ike náà mú mọ́ àyà. "Màámi ò ní ilé kankan kí wọ́n tó kú," ó wí.

"Ó ti di onílé méjì báyìí," ni Fáòsíátù dáhùn. "Lọ bọ́jú, ká lọ gé àlùbọ́sà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa padà, wọ́n bá Bàbá Làtífù nídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá Àílà tán. Ó súre fún wọn, ó sì rí ewé kékeré tó wà lọ́wọ́ Zulaikha. Ojú rẹ̀ tàn. Búta rẹ̀ ti ń tẹ̀ sí i nígbà tí Fáòsíátù bọ́ sí àárín wọn.

"Bàbá," ó wí, "ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń dúró dè yín."